Ẹ̀rù Ẹlẹ́ẹ̀kejì: Bí Mo Ṣe To Àwọn Fíìmù Ẹlẹ́rù Ọdún 2025

Ọjọ́ tí mo wo Weapons lẹ́ẹ̀kejì ni mo fi bírò pupa fa ìlà sórí nọ́ńbà kìíní inú ìwé mi. Láti oṣù kẹjọ ni orúkọ fíìmù náà ti wà níbẹ̀, tí kò sí èyí tó lè lé e kúrò. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ni mo ti sọ fún pé ọ̀rọ̀ ọdún 2025 ti parí, pé kò sí fíìmù tó tún máa dẹ́rù bà mí tó èyí. Ìgbà tí mo tún un wò tán, mo jókòó ti ìwé náà, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò tíì parí rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é. Bí mo bá ti wo fíìmù kan tán, mo máa ń kọ orúkọ rẹ̀ àti máàkì tí mo fún un sílẹ̀ kí àyà mi tó rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo máa ń pa á tì fún oṣù méjì, ó kéré tán. Tí mo bá ti gbàgbé ariwo rẹ̀, màá tún un wò lójú mọmọ, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí. Nígbà yẹn, mo ti mọ ẹni tó máa kú. Mo ti mọ ohun tó lúgọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohun tó bá ṣì lè bà mí lẹ́rù lójú ọ̀sán gangan, òun ni mò ń pè ní ẹ̀rù. Ìyókù, ìjayà ni.

Ara ni ìjayà ń bá sọ̀rọ̀. Bí ariwo ńlá bá ṣàdédé dún lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ẹ́, èjìká á fò sókè, ojú á ṣẹ́, àyà á já, kí ènìyàn tó mọ ohun tó ń sá fún pàápàá. Ọmọ ọwọ́ gan-an ń ṣe é. Àwọn olùdarí fíìmù mọ̀ ọ́n dunjú: wọ́n á rọra fa orin wálẹ̀ títí kò fi ní sí nǹkan kan mọ́, ẹni tó ń wòran á na ọrùn, kámẹ́rà á yí síbi tó ṣófo, á yí padà, gbàmù! Iṣẹ́ ọwọ́ ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ojú tó ti rí òkun, kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni irú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lára mi.

(Ẹni tí kò bá tíì wo àwọn fíìmù yìí, kó mọ̀ pé màá tú àṣírí púpọ̀ nísàlẹ̀.)

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí The Conjuring: Last Rites nìyẹn. Ó jáde ní oṣù kẹsàn-án, ó sì pawó ju gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ nínú ọ̀wọ́ náà lọ. Láti ọdún 2013 tí ti àkọ́kọ́ jáde ni mo ti fẹ́ràn Patrick Wilson àti Vera Farmiga gẹ́gẹ́ bíi tọkọtaya Warren tó ń lé ẹ̀mí èṣù, bí ẹni tó ń lọ kí ẹbí ni mo sì ṣe lọ wò ó. Ipò kẹfà ni mo kọ́kọ́ fi í sí. Lẹ́ẹ̀kejì, ńṣe ni mò ń ka ìṣẹ́jú àáyá: ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, òun nìyẹn. Ó ti jábọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé báyìí. Ó dùn mí, torí pé ìfẹ́ àárín tọkọtaya yẹn ló yẹ kó jẹ́ orísun ẹ̀rù ibẹ̀, ariwo ni wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀.

Final Destination Bloodlines ni mo rò pé yóò jábọ́, òun ló sì gòkè. Ẹni tó bá mọ ọ̀wọ́ yìí mọ̀ pé Ikú fúnra rẹ̀ ni apànìyàn ibẹ̀, tó ń fi ife tó fọ́ àti ẹ̀rọ MRI (èyí tí ilé ìwòsàn fi ń ya àwòrán inú ara) tó ń fa irin mọ́ra ṣọdẹ ènìyàn. Ẹ̀rín ni mo fi wo ìyẹn. Àmọ́ Tony Todd, òṣèré tí àwọn olólùfẹ́ ọ̀wọ́ náà mọ̀ dáadáa, wà níbẹ̀. Àìsàn ti mú un gbẹ nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà, ó sì kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, oṣù mẹ́fà kí ó tó jáde. Àwọn olùdarí, Zach Lipovsky àti Adam Stein, ní kó fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ dágbére fún àwọn olólùfẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀mí ṣe iyebíye, kí wọ́n máa gbádùn ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, òṣèré ni mo rí. Lẹ́ẹ̀kejì, ọkùnrin tó mọ̀ pé òun ń lọ ni mo rí, nínú fíìmù tí Ikú ti ń pe orúkọ ènìyàn ní ìkọ̀ọ̀kan. Orí mi wú. Ipò kẹsàn-án ló wà, ohùn ọkùnrin yẹn nìkan ló gbé e débẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bínú nítorí Frankenstein tí Guillermo del Toro ṣe. Ó rẹwà lóòótọ́, Jacob Elordi sì ṣe òkú àtòpọ̀ yẹn débi pé àánú rẹ̀ ń ṣe mí títí di òní. Àánú ni, kì í ṣe ẹ̀rù. Ìkẹjọ.

Presence gba ipò keje, bẹ́ẹ̀ máàkì tí mo kọ́kọ́ fún un kò tó nǹkan. Steven Soderbergh ló darí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé kámẹ́rà, torí pé kámẹ́rà yẹn gan-an ni iwin inú ilé náà. Ohun tí iwin bá rí là ń rí. Bó bá sá pamọ́ sínú yàrá aṣọ, àwa náà wà láàárín aṣọ. Kò sí ìjayà kan níbẹ̀ tó lè dá ènìyàn dìde lórí àga. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ ẹni tí iwin náà jẹ́ (èyí nìkan ni mi ò ní tú) yóò rí i lẹ́ẹ̀kejì pé gbogbo ibi tí kámẹ́rà ti dúró pẹ́ ló ní ìdí. Ẹnì kan ló ń ṣọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń ṣọ́ ọ, kò sì ní ẹnu tó lè fi sọ̀rọ̀.

The Ugly Stepsister ló wà lórí rẹ̀. Emilie Blichfeldt, ọmọ orílẹ̀-èdè Nọ́wè, mú ìtàn Cinderella tí gbogbo ayé mọ̀, ó sì sọ ọ́ láti ọ̀dọ̀ ọmọ ìyàwó tí bàtà kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Wọ́n fi irin fọ́ egungun imú Elvira, ọmọ ìyàwó náà, kó lè rẹwà. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán irun mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ gbé ẹyin aràn mì kó lè tẹ́ẹ́rẹ́. Níbi abẹ́rẹ́ yẹn, mo fi ọwọ́ bojú nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, mo lajú sílẹ̀, mo sì kíyè sí ohun tí abẹ́rẹ́ kò jẹ́ kí n rí tẹ́lẹ̀: ìyá Elvira rí owó san fún oníṣègùn ẹwà, kò rí owó sin òkú ọkọ rẹ̀. Òkú náà wà nínú yàrá, ó ń jẹrà, wọ́n ń rán aṣọ òde ijó.

Ipò karùn-ún ni ti ajá kan. Indy ni orúkọ ajá náà ní ilé, Indy náà ni orúkọ rẹ̀ nínú Good Boy, torí ajá Ben Leonberg tó darí fíìmù náà ni. Bí irínwó ọjọ́ ni wọ́n fi yà á, láàárín ọdún mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ fíìmù náà fi díẹ̀ lé ní wákàtí kan lásán. Ajá kì í ṣe òṣèré; ohun tó bá wo ló wò, ìgbà tó bá wù ú ló máa wò ó, ẹni tó bá fẹ́ yà á gbọ́dọ̀ dúró dè é. Kámẹ́rà wà nílẹ̀, ní gíga ojú ajá. A kì í sábà rí ojú ènìyàn. Ẹsẹ̀ là ń rí, àti ọwọ́ tó ń na oúnjẹ sílẹ̀. Todd, olówó rẹ̀, ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí kò gbóògùn, ó kó lọ sí ilé bàbá rẹ̀ àgbà nínú igbó, ajá náà sì ń rí ohun dúdú kan tí ọ̀gá rẹ̀ kò rí.

Ibì kan wà tí Indy ti gbé orí sókè, tó ń wo igun yàrá kan. Etí rẹ̀ méjèèjì nà. Kò gbó. Igun náà ṣófo, mo ti wò ó títí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, igun yẹn ni mò ń wò, tí mò ń retí ohun tó máa yọ. Lẹ́ẹ̀kejì, ojú ajá náà ni mo ń wò. Ó ti mọ̀ pé ọ̀gá òun máa kú, kò sì sí ohun tó lè ṣe ju kó máa tẹ̀ lé e kiri lọ. Ẹ má fòyà, ajá náà kò kú. Gbogbo ẹni tí mo ní kó lọ wò ó ló ń kọ́kọ́ bi mí.

Nígbà tí mo tún àwọn orúkọ náà kọ sójú ewé tuntun, mo ṣàkíyèsí ohun tí mi ò wá. Gbogbo èyí tó fìdí múlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ìtàn ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni, tàbí ẹni tí ọ̀fọ̀ fẹ́ ṣẹ̀. Bí mo bá mú ohun abàmì kúrò nínú wọn, ẹ̀rù ṣì wà níbẹ̀ ní odidi. Àwọn tó jábọ́, bí mo bá mú ohun abàmì kúrò, kò sí ohun tó ṣẹ́ kù.

Weapons ló kọ́ mi, torí apá kan nínú rẹ̀ jábọ́, apá kan kò sì jábọ́. Ní agogo 2:17 òru, ọmọ mẹ́tàdínlógún nínú kíláàsì kan ṣoṣo dìde lórí ibùsùn, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n na apá sí ẹ̀gbẹ́ bíi baálù, wọ́n sì sáré wọ inú òkùnkùn. Ọmọ kan péré ló wá sílé ìwé lọ́jọ́ kejì. Zach Cregger tó kọ ọ́, tó sì darí rẹ̀, ti sọ pé ikú ọ̀rẹ́ òun ló mú kí òun bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́. Ìbéèrè náà, kí ló dé tí wọ́n fi lọ, ló so mí mọ́ àga lákọ̀ọ́kọ́. Ìbéèrè kì í wà láàyè lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, mo mọ̀ pé Gladys ni, arúgbó onírun pupa tó kun ojú bí ìbòjú, tí Amy Madigan ṣe débi pé èmi àti ètè pupa yẹn kò tíì pínyà. Mo mọ igi ẹlẹ́gùn-ún tó ń we irun ènìyàn mọ́ láti fi ṣe oògùn, mo mọ bó ṣe ń ṣẹ́ ẹ. Ìparí tó mú mi pariwo ayọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, mo kàn wò ó ni.

Ohun tí kò jábọ́ ni Archer, tí Josh Brolin ṣe, tó ń sùn lórí ibùsùn ọmọ rẹ̀ tó sọnù. Ọmọ kú, ó sàn ju ọmọ nù. Ojú Brolin sọ ọ́ láìla ẹnu. Ohun kejì ni Alex, ọmọ kan tó ṣẹ́ kù náà. Ìyá àti bàbá rẹ̀ jókòó sórí àga nínú ilé tí wọ́n ti fi bébà dí gbogbo fèrèsé rẹ̀, ojú wọn là, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà ń ti ilé ìwé bọ̀, ó ń ra ọbẹ̀ inú agolo, ó ń ṣí i, ó sì ń fi ṣíbí bọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sunkún. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọwọ́ kékeré yẹn tó ń gbé ṣíbí lọ sẹ́nu ìyá rẹ̀ ló mú ara mi bù máṣọ lójú ọ̀sán. Tó bá jẹ́ pé gbogbo fíìmù náà rí bí apá ti Alex ni, èmi kì bá má fa ìlà pupa kankan. Ìkẹrin.

28 Years Later ni ìkẹta. Lọ́dún 2002, kámẹ́rà díjítà kékeré ni Danny Boyle tó darí rẹ̀ àti Anthony Dod Mantle tó ń ya àwòrán rẹ̀ fi ya 28 Days Later, fíìmù àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ náà. Lọ́tẹ̀ yìí iPhone ni wọ́n fi ya ọ̀pọ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á to ogún iPhone pọ̀ sórí irin kan ṣoṣo. Ìdajì àkọ́kọ́ jẹ́ eré sísá: Spike, ọmọ ọdún méjìlá, bá bàbá rẹ̀ sọdá ojú ọ̀nà tí òkun máa ń bò, láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọfà pa àwọn tí àrùn ti sọ di ẹranko. Ó dára, ọwọ́ mi láàgùn. Ìdajì kejì ni mo tìtorí ẹ̀ padà. Isla, ìyá Spike, ń ṣàìsàn. Spike mú un yọ́ jáde lọ bá dókítà kan tí gbogbo ènìyàn ní orí rẹ̀ ti dàrú, tó ń sun òkú nínú igbó.

Ralph Fiennes ni dókítà náà, Kelson. Ó fi áyódíìnì, oògùn apakòkòrò, kun gbogbo ara rẹ̀ pupa bí osùn. Ó ń bọ́ ẹran ara kúrò lórí egungun, ó ń fọ̀ wọ́n mọ́, ó ń fi wọ́n kọ́ òpó, ó ń to agbárí lé ara wọn bí ilé. Tàwọn tí àrùn mú àti tàwọn tí kò mú, kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Jẹjẹ ló ń sọ̀rọ̀. Ó sọ fún Isla pé jẹjẹrẹ ni, kò sì sí oògùn, ó wá bá a ṣe ìyókù. Nígbà tí Spike gba agbárí ìyá rẹ̀, tó gun ilé agbárí náà lọ sókè pátápátá láti wá ibi tí yóò ti máa rí oòrùn, mo dá fíìmù náà dúró, mo jáde síta fún ìgbà díẹ̀. Sùúrù ọkùnrin yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Kò bẹ̀rù ohun tí gbogbo wa ń sá fún, ó ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ẹni ń fọ àwo. Ìparí rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bú, mo gbà pé kò bá ìyókù mu. Mo kàn fojú fò ó ni.

Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn jiyàn lórí Sinners, bóyá fíìmù ẹlẹ́rù ni tàbí kì í ṣe é. Ẹlẹ́rù ni. Ryan Coogler gbé e sí Mississippi lọ́dún 1932, Michael B. Jordan ṣe ìbejì, Smoke àti Stack, tí wọ́n ṣí ilé ijó, tí àwọn òkú amùjẹ̀ sì wá dúró sẹ́nu ọ̀nà lóru ọjọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ ibi tí Sammie, ọ̀dọ́mọkùnrin olórin inú rẹ̀, ti kọrin, tí àwọn onílù ayé àtijọ́ àti àwọn oníjó ayé tí kò tíì dé fi wọ inú ilé náà pọ̀, tí òrùlé sì gbiná. Autumn Durald Arkapaw ló ya á, obìnrin àkọ́kọ́ tó fi kámẹ́rà fíìmù IMAX, èyí tó ń ya àwòrán ńlá, ya eré àgbéléwò. Kò sí ohun tó dà bí i lọ́dún 2025, mi ò ní ṣe bí ẹni pé ó wà.

Ẹ̀rù tèmi wà níbòmíràn. Remmick, olórí àwọn òkú náà, kò wá ẹ̀jẹ̀ nìkan; ó fẹ́ gba ohùn Sammie kó lè fi rí àwọn ènìyàn tirẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Ó di Sammie mú nínú omi, Sammie bẹ̀rẹ̀ sí gba Àdúrà Olúwa, Remmick àti gbogbo àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì bá a gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò ṣì í sọ. Lákọ̀ọ́kọ́, mo rò pé wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín ni. Lẹ́ẹ̀kejì, mo gbọ́ pé ó dùn mọ́ Remmick lẹ́nu. Wunmi Mosaku sì wà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, tó dàgbà ní Manchester. Annie ló ṣe, ìyàwó Smoke, tí ọmọ wọn wà nínú sàréè lẹ́bàá ilé. Òun ló kọ́kọ́ mọ ohun tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Òun náà ló mú Smoke ṣèlérí pé bí wọ́n bá bu òun jẹ, kó má jẹ́ kí òun padà wá. Smoke mú ìlérí náà ṣẹ. Mo fi Sinners sí ipò kejì torí pé ayọ̀ inú rẹ̀ lágbára ju ẹ̀rù rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ni mò ń wọ̀n.

Bring Her Back ló jókòó sórí nọ́ńbà kìíní báyìí. Lóṣù kẹfà tí mo kọ́kọ́ wò ó, ipò kẹrin ni mo fi í sí, mo sì búra pé mi ò ní tún un wò mọ́. Danny àti Michael Philippou, ìbejì ọmọ Ọsirélíà, ló darí rẹ̀. Bàbá Andy àti Piper kú, ìjọba sì fi wọ́n síkàáwọ́ Laura, tí Sally Hawkins ṣe. Ojú Piper kò fi bẹ́ẹ̀ ríran, òjìji àti ìmọ́lẹ̀ ló ń rí. Ọmọ Laura náà, Cathy, kò ríran. Inú odò ìwẹ̀ ilé náà ló kú sí. Laura ní fídíò àtijọ́ kan tó fi bí wọ́n ṣe ń dá òkú padà hàn, ó sì ti wá ara tí yóò gba Cathy.

Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa fíìmù yìí ti gbọ́ nípa ọ̀bẹ. Andy na ègé èso sí Oliver, ọmọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀, lórí ọ̀bẹ ìdáná, Oliver sì bu ọ̀bẹ náà jẹ. Eyín àti irin. Íàpíìsì ni mo fi sétí, mo sì já a sọnù. Mo rò pé ọ̀bẹ yẹn ló fà á tí mi ò fi fẹ́ padà.

Kì í ṣe ọ̀bẹ. Mo padà síbẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, ọ̀bẹ kọjá, mo fi ojú kan wò ó. Ohun tí mo ń sá fún ni ohùn Laura. Ó ń ṣàwàdà. Ó ń jó pẹ̀lú àwọn ọmọ náà. Ó ń pe Piper ní orúkọ àpọ́nlé. Lóru, á bu ìtọ̀ ara rẹ̀ da sára Andy tó ń sùn, kí ọmọkùnrin náà lè rò pé òun ń tọ̀ sára, kí ẹnikẹ́ni má gbà á gbọ́ mọ́. Lọ́wọ́ kan náà, ní ojú kan náà. Hawkins kò pààrọ̀ ohùn rárá láàárín méjèèjì, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé obìnrin yìí kò dibọ́n níbì kankan. Ó fẹ́ràn ọmọ. Ìfẹ́ yẹn kan náà ló ń fi pa ọmọ ẹlòmíràn.

Ní ìparí, ó ti ri Piper sínú odò ìwẹ̀ náà, ó tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, òjò ń rọ̀. Piper yọ orí jáde lẹ́ẹ̀kan, ó sì kígbe pe ìyá. Orúkọ kan ṣoṣo tí kò sí ẹni tó fi pe Laura mọ́ láti ìgbà tí Cathy ti lọ. Ọwọ́ rẹ̀ tú. Piper sá. Laura lọ gbé òkú ọmọ rẹ̀, ó gbé e wọ inú omi, ó gbá a mọ́ra, ó jókòó síbẹ̀.

Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta báyìí. Gbogbo ìgbà ni mò ń wọlé pẹ̀lú ìpinnu pé lọ́tẹ̀ yìí màá kórìíra obìnrin yẹn, tí yóò sì tán. Gbogbo ìgbà tó bá gbé ọmọ náà wọ inú omi, mo máa ń gbàdúrà pé kí àwọn ọlọ́pàá má tíì dé.